Inú Ìbọn Ló Ń Gbó

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ọjọ́ orí ìbọn ṣakabùlà, ẹ má wo ìdí rẹ̀. Igi ni ìdí ìbọn, igi sì ṣeé pààrọ̀. Ẹ má wo apátí rẹ̀ náà, torí alágbẹ̀dẹ tó mọṣẹ́ lè rọ òmíràn kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Inú ọ̀pá rẹ̀ ni kí ẹ wò, ibẹ̀ ló sì ṣókùnkùn. Ìbọn bàbá bàbá mi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ìbọn tí gbogbo ilé wa gbà pé kò lè gbó láé, àti ohun tí a bá nínú rẹ̀ nígbà tí Bàbá kú.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa á ti máa sọ pé, "Akéwì, obìnrin, kí ló kàn ọ́ kan ìbọn?" Ẹ ní sùúrù fún mi. Bí a bá ń kọ́ nípa ìjálá ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa, ọ̀rọ̀ ìbọn ló máa ń kún etí wa. Ìbọn dún, igbó mì. Ìbọn dún, erin wó. Ó dáa bẹ́ẹ̀, èmi náà sì ti kọ irú ẹ̀ rí. Àmọ́ nínú gbogbo lẹ́kíṣọ̀ tí mo jókòó sí, kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ó máa ń rẹ ìbọn. Kò sẹ́ni tó sọ pé ọdẹ tó gbọ́n ń lo àkókò lórí fífọ ìbọn ju yíyìn ín lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí irú ìbọn yìí ti wá. Dane gun ni àwọn òyìnbó ń pè é, torí àwọn ará Dẹ́ńmáàkì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ń tà á ní etíkun wa. Wọ́n ní ilé-odi ní Christiansborg ní Accra, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣòwò títí wọ́n fi ta odi náà fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní 1850. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ìbọn tó wọ ilẹ̀ wa, Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Liège ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n ti ṣe wọ́n. Láti 1813 ni òfin ti dá ilé kan sílẹ̀ ní Birmingham tí wọ́n ti ń dán ọ̀pá ìbọn wò. Wọ́n á ki ẹ̀tù tó ju ti ojoojúmọ́ lọ sínú rẹ̀, wọ́n á yìn ín. Bí kò bá là, wọ́n á lu òǹtẹ̀ sí i lára. Nígbà ogun Kírìjì, láti 1877 títí di 1893, àwọn Èkìtìparapọ̀ ti ní Snider, ìbọn tí a ń ti ẹ̀yìn ki. Ṣakabùlà tí a ń ti ẹnu ki kò torí ìyẹn parẹ́. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa tó ti ń tún ti òyìnbó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rọ tiwọn, títí kan èyí tí wọ́n ń fi páìpù omi ṣe. Kò sí òǹtẹ̀ kankan lára ti Bàbá. Bàbá ẹni tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ àdúgbò wa lónìí ló rọ ọ́, wọ́n ní kí wọ́n tó bí bàbá mi ni.

Òfin ìbọn tí ìjọba Nàìjíríà ṣe ní 1959 pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Rìfọ́fà àti àwọn ìbọn ìléwọ́ yòókù wà lára èyí tí wọ́n kà léèwọ̀. Ṣakabùlà wà ní ìpín kẹta, lábẹ́ ìwé àṣẹ. Bàbá ní ìwé tirẹ̀, ó di í sínú ọ̀rá, ó sì fi í sábẹ́ ẹní. Àwa ọmọdé ilé, rìfọ́fà inú fíìmù la fẹ́ràn. Ọkùnrin inú fíìmù á yìn ín títí, kò ní fọ̀ ọ́, kò ní kùnà. Irọ́ ni. Rìfọ́fà náà ń gbó. Àárín irin roboto tó ń yí ọta mẹ́fà àti ọ̀pá ìbọn kò lẹ̀ mọ́ra tán, afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gba ibẹ̀ jáde ní gbogbo ìgbà tó bá dún, ó sì ń jẹ irin níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ra àlòkù á kọ́kọ́ di irin roboto náà mú, á mì ín wò bóyá ó ń ṣe gbọ̀jẹ̀gbọ̀jẹ̀. Òyìnbó o, Yorùbá o, ọgbọ́n kan náà ni: ibi tí iná ń gbà ni kí o wò.

Ìdí mẹ́ta ni ìbọn Bàbá ti lò. Èkíní ṣẹ́ ní ọrùn lọ́jọ́ tí Bàbá ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ ní ọ̀nà oko. Ikán jẹ èkejì nígbà tí wọ́n gbé e ti ògiri ahéré ní ìgbà òjò kan. Ẹ̀kẹta ni mo mọ̀, igi apá ni, ó pọ́n, ó wúwo, ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bàbá máa ń wà lára rẹ̀ sì ti ń dán. Apátí rẹ̀ ti di ẹ̀ẹ̀mejì tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Sípíríǹgì, mi ò lè ka iye ìgbà. Okùn ìfikọ́ ni kí n má tiẹ̀ sọ. Nítorí náà, nígbà tí ìyá àgbà bá ń sọ pé, "Ìbọn kan náà ni ọkọ mi fi pa ìmàdò lọ́dún tí a fẹ́ra," òótọ́ ni, kì í sì í ṣe òótọ́ tán. Ọ̀pá yẹn nìkan ló bá a débẹ̀.

Bàbá ń tọ́jú rẹ̀ o. Àtọmọdé ni mo ti mọ̀ pé bí Bàbá bá ti oko ọdẹ dé láàárọ̀, omi méjì ni a ń gbé kaná. Ọ̀kan fún Bàbá, ọ̀kan fún ìbọn. Ti ìbọn ló gbọ́dọ̀ hó jù. Èmi ni mo máa ń gbé kẹ́tùrù wá. Á yọ ọ̀pá kúrò lára igi, á da omi sí i lẹ́nu, omi dúdú bí aró á máa gba ihò ìdí rẹ̀ jáde, á sì máa rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Á tún da òmíràn, títí omi á fi mọ́. Lẹ́yìn náà ló kan àkísà gbígbẹ, kó tó wá kan àdín. Kò gbà kí n fọwọ́ kan apátí láé, àmọ́ ó máa ń jẹ́ kí n di ẹnu ọ̀pá mú nígbà tí ó bá ṣì gbóná, pé irin tó bá gbóná bẹ́ẹ̀ yóò gbẹ fúnra rẹ̀.

Ìgbà tí mo dé yunifásítì ni mo tó mọ ìdí omi gbígbóná yẹn. Ohun mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀tù: iyọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní saltpetre, èédú, àti imí ọjọ́. Nínú ọgọ́rùn-ún, ìdá 75 jẹ́ saltpetre, 15 èédú, 10 imí ọjọ́. Bó bá jó tán, gbogbo rẹ̀ kọ́ ló di èéfín. Èyí tó ju ìdajì lọ ń dúró sínú ọ̀pá bí ẹ̀gbin, ẹ̀gbin náà sì jọ iyọ̀, ó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Bí o bá fi í sílẹ̀ mọ́jú ní àsìkò òjò, ìpẹtà ti bẹ̀rẹ̀. Òróró lásán kò lè yọ ọ́, omi ló ń yọ ọ́. (Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe lìngúísíìkì, ẹ wo nǹkan: ẹ̀tù la fi ń pa ẹtu. Ohùn nìkan ló yà wọ́n. Mo ti ń wá ewì tí màá fi ìyẹn sí láti ọdún méjì, kò tíì wọlé.)

Ọjọ́ tí Bàbá yìn ín kẹ́yìn, ìsìnkú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Ọdẹ ni ẹni yẹn náà, wọ́n sì ń yìnbọn fún un ní alẹ́. Bàbá yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó gbé e délé, ó fi kọ́ ara ògiri, ó ní òun á fọ̀ ọ́ bílẹ̀ bá mọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá a dùbúlẹ̀. Ilé-ìwé olùgbé ni mo wà nígbà yẹn, wọ́n sọ fún mi ni. Wọ́n gbé omi kaná láàárọ̀ ọjọ́ náà o, ó sì hó dáadáa. Ara Bàbá ni wọ́n fi jó.

Ọdún mẹ́fà ni Bàbá lò lórí ẹní. Ọdún mẹ́fà náà ni ìbọn fi wà lára ògiri. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, máa ń gbé e sílẹ̀ bí ọdún bá dé, á fi àdín nù ún lára títí á fi máa dán, á sì gbé e padà. Àlejò á wọlé, á ní, "Háà, ìbọn yìí ṣì le o!" Bàbá á kàn máa wò. Apá kan ẹnu rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, bí ó bá sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta, a ó gbọ́ ọ̀kan. Ìyá àgbà ní ìgbà kan ó ń sọ pé "omi, omi" tó sì ń nawọ́ sí ògiri, wọ́n bu omi fún un, kò mu ún. Èmi ò mọ̀ bóyá ìbọn ló ń sọ. Mo kàn ń wí ohun tí ìyá àgbà wí ni.

Nígbà tí Bàbá wá kú, àwọn ọdẹ ní àwọn yóò ṣe ìṣípà fún un. Ẹ̀yin tí ẹ ka iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Bádé Àjùwọ̀n lórí ìrèmọ̀jé ti mọ ohun tí mò ń sọ: alẹ́ ni, wọ́n á sun ìrèmọ̀jé, wọ́n á yìnbọn, wọ́n á sì kó ohun èlò ọdẹ tó kú jáde nílé kí ó má baà máa padà wá wá wọn. Bàbá Kékeré ní ìbọn Bàbá ni yóò kọ́kọ́ dún, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì yìn ín. Gbogbo ilé ló gbà. Ẹ̀gbọ́n àwọn ọdẹ nìkan ló ní, "Ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ ná."

Èmi àti Bàbá Kékeré la jọ gbé e lọ. Baba Àgbẹ̀dẹ ti dàgbà, ó ti ju ẹni àádọ́rin ọdún lọ, àmọ́ ọmọ rẹ̀ ló ń fẹ́ ẹwìrì, òun ń jókòó ti iná. Bí ó ti rí mi ló ní, "Ìyàwó mi, wọ́n ní o ti di ọ̀mọ̀wé. Ìwé kí lo ń kà?" Mo ní, "Yorùbá ni, Bàbá." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní, "Wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ rẹ kí wọ́n tó kọ́ ẹ ní ohun tí ìyá rẹ sọ fún ẹ lọ́fẹ̀ẹ́?"

Ó gba ìbọn. Kò wo ara rẹ̀ tó ń dán rárá. Apátí ló kọ́kọ́ dì mú. Ó fà á sẹ́yìn dé ìdajì, ibi tó yẹ kó ti há, kí ọdẹ lè gbé e kọ́ èjìká láìséwu. Ó wá fi àtàǹpàkò tì í, díẹ̀ báyìí ni. Pà! Apátí bọ́ sílẹ̀. Ó tún ṣe é, ó tún bọ́. Ó ní eyín tó ń dá a dúró nínú ti jẹ tán, pé irú ìbọn báyìí ló ń pa olówó rẹ̀ lójú ọ̀nà, bó bá fi kọ́ igi lásán. Ẹ rántí òwe tí wọ́n máa ń fún wa túmọ̀ ní ọdún kìíní: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n kọjú rẹ̀ sí òun? Mo ti kọ ojúewé kan lórí òwe yẹn rí, mo sì gba máàkì tó dáa. Ọjọ́ yẹn ni mo tó fojú rí apátí tó wà tí kò sì sí.

Bàbá Kékeré ní, "Ìyẹn kò le, Bàbá. Ẹ bá wa rọ òmíràn." Baba Àgbẹ̀dẹ kò dáhùn. Ó yọ ọ̀pá kúrò lára igi. Ó wé àkísà funfun mọ́ ọ̀pá tínínrín, ó kì í bọ inú rẹ̀, ó yí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tó fà á jáde, àkísà ti pọ́n bí osùn. Ó tún fi òmíràn sí i, ó tún pọ́n. Ó ní kí ọmọ òun tú ìdí rẹ̀, wọ́n fi iná yọ́ ọ kó tó gbà. Ó wá fi tọ́ọ̀ṣì sí apá kan, ó ní, "Ìyàwó mi, ojú rẹ ló mọ́lẹ̀ jù, wá wò ó."

Mo wò ó. Ibi tó sún mọ́ ẹnu ṣì ń yọ̀, ó dára. Bí ojú mi ti ń wọlé ló ń bàjẹ́. Nígbà tó máa fi dé ìdí, ibi tí ẹ̀tù ti ń jó, ó ti rí gbágungbàgun bí ojú ẹni tí ilẹ̀ẹ́gbóná ti bá jà rí. Ihò tí iná ń gbà wọlé, tí kò yẹ kó ju ìgbálẹ̀ kan lọ, igi ìṣáná á wọ ibẹ̀ láìfọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́. Baba ní iná fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ihò yẹn fẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ní gbogbo ìgbà tó dún.

Lẹ́yìn náà ló di ìka mi mú, ó fi í tọ ẹ̀yìn ọ̀pá láti ìdí lọ sí òkè. Ní nǹkan bí ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ kan, mo rí i pé irin náà wú. Ojú kò lè rí i, ìka ló mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Èyí kì í ṣe ìpẹtà. Ọjọ́ kan wà tí bàbá yín kánjú." Ó ṣàlàyé pé bí ọdẹ bá ki ẹ̀tù tán, ó gbọ́dọ̀ ti ọta àti àkísà títí wọn ó fi jókòó lé ẹ̀tù lórí. Bí àyè bá wà láàárín wọn, agbára ẹ̀tù á kọlu ọta níbi tó dúró sí bí ìgbà tí nǹkan há ọ̀nà, ara ọ̀pá ló sì máa gbà á. Ó lè là, ó lè wú. Ti Bàbá wú. Mo ń ronú nípa òru yẹn títí di òní. Bàbá kò sọ ọ́ fún ẹnì kankan. Kí ló ń bọ̀ wá bá a tí kò fi ráyè ti ọ̀pá dé ìsàlẹ̀?

Bàbá Kékeré kò fẹ́ gbà. Ó ní, "Ariwo lásán la fẹ́, Bàbá. A ò ní ki ọta sí i." Baba ní ẹ̀tù kò mọ̀ pé òkú ni wọ́n ń sin. Wọ́n fà á síwá, wọ́n fà á sẹ́yìn, ohùn Bàbá Kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í ga, àgbàlagbà yìí náà sì jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀. Níkẹyìn Baba ní ó dáa, ká jẹ́ kí ìbọn fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Wọ́n dí ìdí rẹ̀ padà, wọ́n dè é mọ́ kùkùté ọ̀pẹ lẹ́yìn ilé, wọ́n so okùn gígùn mọ́ ọn, gbogbo wa sá sẹ́yìn ògiri.

Ẹ̀tù ìdajì ni wọ́n kọ́kọ́ ki. Ó dún. Ó dún dáadáa! Bàbá Kékeré fò sókè, ó ń ki bàbá rẹ̀, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Kí n má purọ́, inú tèmi náà dùn. Wọ́n wá ki ẹ̀tù tó pé. Ìyẹn náà dún, àmọ́ èéfín tó jáde kì í ṣe ti ẹnu nìkan. Nígbà tí a débẹ̀, ojú ibi tó wú ti là, kò gùn ju èékánná lọ.

Baba Àgbẹ̀dẹ kò sọ nǹkan. Ó tú u kúrò lára kùkùté, ó dúró kó tutù, ó gbé e lé igi rẹ̀ padà, ó sì gbé gbogbo rẹ̀ lé Bàbá Kékeré lọ́wọ́. Ó ní, "Dì í mú bí ìgbà tí o fẹ́ yìn ín." Bàbá Kékeré dì í mú, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ibi tó ń dán. Ọwọ́ òsì rẹ̀ bọ́ sí orí ojú ibi tó là gan-an.

Alẹ́ ìṣípà, ìbọn àwọn ẹlòmíràn ló dún. Mi ò ní sọ ohun gbogbo tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, torí obìnrin ni mí, ọ̀ọ́kán ni mo sì wà. Mo gbọ́ ìrèmọ̀jé. Ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ ń ki ìbọn Bàbá pé ó dún ní igbó, ó dún ní ọ̀dàn, kò tàsé rí. Ó ṣe mí bákan. Àpò rẹ̀ àti ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀ ni wọ́n kó lọ sí ẹ̀yìn ìlú, wọn kò kó ìbọn mọ́ ọn. Baba Àgbẹ̀dẹ ti bẹ̀ wọ́n pé kí ọ̀pá náà padà sílé tí wọ́n ti rọ ọ́. Ó wà lójú Ògún nínú ilé àgbẹ̀dẹ báyìí, láàárín àwọn àdá tó ṣẹ́ àti ọmọ owú tó ti yọ́.

Igi apá yẹn ṣì le, ikán kò kàn án. Ọdẹ kékeré kan tó ń bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ ní òun fẹ́ ẹ, Bàbá Kékeré sì fún un, kò gbowó. Ó gùn ju apá rẹ̀ lọ, torí Bàbá ga. Baba Àgbẹ̀dẹ fi ayùn gé ìwọ̀n ìka méjì kúrò ní ìdí rẹ̀, èyí tó gé náà ni mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún mi. Ó wà lórí tábìlì mi ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Bí wọ́n bá mú iná wá tí fáànù bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ bébà kiri, òun ni mo fi ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹni tí à ń bá gbé yàrá ní ó ń rùn àdín.